Pátákó Ọrùn Ọmọ Kétu: Bí Ilé Ìwé Ṣe Sọ Èdè Wa Di Ẹ̀ṣẹ̀

Ìmẹ̀kọ ni wọ́n bí mi sí, lẹ́bàá ààlà, níbi tí ọ̀nà oko kan lè gbé ènìyàn dé Benin, ilẹ̀ tí Faransé jọba lé lórí rí, kó tó mọ̀ pé òun ti kúrò ní Nàìjíríà. Ọmọ Kétu ni wá. Aláàfin kọ́ ni àwọn baba ńlá wa ń forí balẹ̀ fún, Aláké kọ́, Alákétu ni. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1889, àwọn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé jókòó ní ìlú Paris, wọ́n sì fa ìlà gba àárín ilẹ̀ Kétu kọjá. Kò sí ọmọ Kétu kankan nínú wọn. Kétu fúnra rẹ̀, tí ogun Dahomey ti fọ́ ní 1886, bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ti Ìlárá, apá kan rẹ̀ wà níhìn-ín, apá kan wà lọ́hùn-ún.

Bàbá mi ń dáko lápá Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ́kọ sí Kétu. Báyìí ni èmi ṣe lọ ilé ìwé Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ ilé ìwé Faransé. Bí a bá pàdé níbi òkú àgbà tàbí níbi ìgbéyàwó, èdè kan náà la fi ń ṣeré, òun náà la fi ń jà. Wọ́n sì ti na àwa àti àwọn nílé ìwé nítorí èdè yìí.

Mo fẹ́ sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ òbí òde òní gbà pé bí ayé ṣe rí láti ìpilẹ̀ nìyẹn, pé ọmọ tó bá máa gbọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tu èdè ìyá rẹ̀ dànù. Àwọn ènìyàn ló dá a sílẹ̀. Òfin àti owó ni wọ́n fi dá a sílẹ̀, ó sì ní ọdún tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí òyìnbó ń wá ẹni tí yóò kọ́ ọ ní Yorùbá

Ní ìbẹ̀rẹ̀, èdè wa gan-an ni àwọn míṣọ́nárì ń wá. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé Àgbádárìgì ní 1842, ìjọ CMS sì dé tẹ̀ lé wọn. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821 tí ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ ní 1822, ti tẹ ìwé lórí gírámà àti ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, kó tó padà sí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ rárá. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844, ó wàásù ní Yorùbá fún àwọn ará wa tí wọ́n tú sílẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú ní Freetown. Ní 1859, Henry Townsend, míṣọ́nárì CMS, bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta, Yorùbá ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Ní 1875, àwọn àgbààgbà ìjọ péjọ sí Èkó láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè náà sílẹ̀. Ní 1884, Bíbélì Yorùbá parí.

N kò sọ pé ìfẹ́ àṣà wa ló gbé wọn dé ibẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí ìwàásù wọn wọ etí olùgbọ́ ni. Àwọn kan náà ló ń sọ fún ọmọ pé kèfèrí ni bàbá rẹ̀, tí wọ́n sì ń jó ère òrìṣà níná. Síbẹ̀, ogójì ọdún yẹn fi ohun kan hàn tí kò ṣeé sẹ́: a lè fi Yorùbá ka ìwé, a lè fi í tẹ ìwé ìròyìn, a lè fi í túmọ̀ ìwé tó nípọn tó Bíbélì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ lẹ́yìn náà pé èdè náà kò tó fi kọ́ ọmọ, kì í ṣe pé kò mọ̀.

Owó ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Gẹ̀ẹ́sì ti yìnbọn fọ́ Èkó ní 1851, wọ́n sì ti gbà á pátápátá ní 1861. Láti 1874 títí di 1886, abẹ́ ìjọba Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, ni wọ́n kó Èkó sí, ibẹ̀ ni òfin ètò ẹ̀kọ́ ọdún 1882 sì ti jáde. Òfin náà ní ìjọba yóò máa fún àwọn ilé ìwé míṣọ́n ní owó ìrànwọ́, èsì ìdánwò ọmọ ni wọn yóò sì fi díwọ̀n rẹ̀. Kíkà Gẹ̀ẹ́sì ń mú owó wá. Kíkọ Gẹ̀ẹ́sì ń mú owó wá. Ìṣirò ń mú owó wá, bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ abẹ́rẹ́ fún àwọn ọmọbìnrin. Yorùbá kò mú kọ́bọ̀ wá. Nígbà tí wọ́n tún òfin náà ṣe fún Èkó ní 1887, ọwọ́ kan náà ni wọ́n fi mú un. Àwọn ìwé ìròyìn Èkó pariwo, àwọn kan lára àwọn míṣọ́nárì pàápàá fapá jánú, ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé ìwé tó ní tíṣà tí yóò sanwó fún kò ní pẹ́ mọ ohun tí ó yẹ kó fi àkókò rẹ̀ kọ́ ọmọ. Òfin náà kò ní kí ẹnikẹ́ni fi pàṣán na ọmọ nítorí Yorùbá. Wọ́n kàn jẹ́ kí gbogbo ayé rí i pé ohun tí kò níye lórí ni.

Àwọ̀ ara di òṣùwọ̀n

Lásìkò kan náà ni ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ní 1864, ní Canterbury, wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà tó dé ipò náà. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó míṣọ́nárì tí wọn kò tó ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ orí dé sórí odò Ọya, níbi tó ti ń ṣe bíṣọ́ọ̀bù, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró, wọ́n sì kan bàbá àgbàlagbà náà lábùkù lójú ìpàdé. Ó kú ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ó sì lé ní àádọ́ta ọdún kí adúláwọ̀ mìíràn tó jẹ bíṣọ́ọ̀bù tó dá dúró ní àgbègbè tirẹ̀ nílẹ̀ yìí.

Ohun tí wọ́n ṣe nínú ìjọ, ìjọba ṣe é nínú iṣẹ́. Ní 1902, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìjọba sílẹ̀ fún gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìlànà pé ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Yúróòpù nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Àwọn dókítà bíi Ògúntọ́lá Sápárà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Èkó láti 1896, ni wọ́n yà sọ́tọ̀, owó wọn kéré, òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé sì lè jẹ ọ̀gá lé wọn lórí. Ní Ìkòyí, wọ́n ya àdúgbò sọ́tọ̀ fún òyìnbó. Títí di 1947, òtẹ́ẹ̀lì Bristol ní Èkó ṣì kọ̀ láti gba Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n rán wá láti London, nígbà tí wọ́n rí i pé bàbá rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú.

Ọmọdé kì í ka òfin, ṣùgbọ́n ó ń wo ojú àgbà. Ọmọ tó dàgbà ní Èkó tàbí Abẹ́òkúta nígbà náà rí ẹni tí wọ́n ń fún ní àga jókòó àti ẹni tí wọ́n ń jẹ́ kó dúró. Ó rí i pé orúkọ tí wọ́n bá pè ní ìta ìyẹ̀wù ìjọba, bí ó bá jẹ́ ti òyìnbó, ó ń yá ẹsẹ̀ wọlé. Ìdí nìyẹn tí orúkọ fi di ọ̀ràn nígbà náà. David Brown Vincent, pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi, bọ́ orúkọ náà dànù ní 1894, ó di Mọ́jọlá Àgbébì, aṣọ ilẹ̀ wa ló sì ń wọ̀ káàkiri, títí kan ìgbà tó lọ bá àwọn òyìnbó ṣèpàdé. Ní 1897, Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ ní Ọ̀yọ́, nítorí ó rí i pé àwọn ọmọ tó kàwé mọ ìtàn àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò mọ ti àwọn ọba wọn. Ìwé náà kò jáde títí ó fi kú. Ọdún 1921 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ìkarahun ìgbín ní Kétu

Ní apá Faransé, wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà bò rárá. Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ Dahomey di ilẹ̀ ìjọba wọn, ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí ọmọ ilẹ̀ náà di ará Faransé lọ́rọ̀ àti níṣe. Ní 1924, gómìnà àgbà ní Dakar fi àṣẹ síta fún gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ Faransé pé èdè Faransé nìkan ni a ó máa lò nílé ìwé, tíṣà kò sì gbọdọ̀ fi èdè ìbílẹ̀ bá ọmọ sọ̀rọ̀. Àwọn míṣọ́n pàápàá kò gbọdọ̀ fi èdè ìlú kọ́ni ní nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́ ìsìn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó dàgbà jù mí lọ dáadáa, ló sọ bí wọ́n ṣe ń mú àṣẹ náà ṣẹ fún mi. Àwọn tíṣà wọn ní ìkarahun ìgbín kan tí wọ́n lu ihò sí, tí wọ́n so okùn mọ́. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá sọ Nàgó, bí wọ́n ṣe ń pe èdè wa lọ́hùn-ún, láàárọ̀, ọrùn rẹ̀ ni wọn yóò kó o sí. Kò lè bọ́ ọ àfi tó bá gbọ́ kí ẹlòmíràn sọ Nàgó, kó mú un lọ bá tíṣà, kí ìkarahun náà sì kọjá sí ọrùn onítọ̀hún. Ẹni tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá lu agogo ìparí ni yóò jẹ pàṣán, òun náà ni yóò gbá ọgbà ilé ìwé. Nítorí náà, àwọn ọmọ á máa sá pamọ́ sí ẹ̀yìn ilé ìgbẹ́, wọn á máa tẹ́tí sí àwọn ẹgbẹ́ wọn. Àbúrò ń mú ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi yìí sọ pé ìrora pàṣán kì í pẹ́ lọ, pé ohun tí kò lọ lọ́kàn òun ni ọjọ́ tí òun ta àbúrò òun, ọmọ ìyá kan náà, fún tíṣà, nítorí ọmọ náà já lulẹ̀ lórí igi ọsàn tó sì ké pe ìyá wọn.

Ọgbọ́n náà ti pẹ́ ní Yúróòpù. Ní ilẹ̀ Wales ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tíṣà kan máa ń fi pákó tí wọ́n kọ WN sí kọ́ ọrùn ọmọ tó bá sọ èdè Welsh, ọmọ á sì máa gbé e fún ọmọ bí ti Kétu. Ní ẹkùn Brittany ní Faransé, wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ń sọ Breton. Ìyàtọ̀ wà ṣá o. Ọmọ Wales tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tán, kò sí ẹni tó máa mọ ibi tó ti wá bó bá dákẹ́ ní London. Ọmọ Kétu tó bá gbọ́ Faransé ju Faransé lọ, bó bá dé ẹnu ọ̀nà, awọ ara rẹ̀ ti ṣíwájú rẹ̀ wọlé.

Ní apá tiwa

Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ pé àwọn sàn ju Faransé lọ lórí èyí, ó sì ní ìwọ̀n ibi tó jẹ́ òótọ́. Lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes láti Amẹ́ríkà ti rin Áfíríkà yí ká, tí wọ́n sì kọ ìròyìn wọn jáde ní 1922, ìjọba London fi ìwé ìlànà kan síta ní 1925 pé kí wọ́n fi èdè ìyá kọ́ àwọn ọmọdé ní kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀. Àǹfààní yẹn ni àwọn ọ̀mọ̀wé wa dì mú. Fágúnwà, tíṣà ọmọ Òkè-Igbó, tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. J. F. Ọdúnjọ, tíṣà ọmọ Abẹ́òkúta, kọ Aláwìíyé, ìwé tí ó kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá bí a ṣe ń kàwé. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ọmọ àgbẹ̀ bíi tèmi sì rí ilé ìwé wọ̀ lẹ́yìn òmìnira.

Aláwìíyé ni mo fi mọ̀wé kà. Mo rántí bí inú bàbá mi ṣe dùn tó ní alẹ́ ọjọ́ tí mo kà á sí i létí lábẹ́ fìtílà, tí gbogbo rẹ̀ sì yé e. Ọkùnrin tí kò mọ álífábẹ́ẹ̀tì ń bá mi jiyàn lórí ìtàn inú ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé kíláàsì kẹrin, Yorùbá di iṣẹ́ kan ṣoṣo láàárín ọ̀sẹ̀, gbogbo yòókù di Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọjọ́ náà lọ, bàbá mi kò lè bá mi jiyàn mọ́. Á wo ìwé náà, á pa fìtílà.

Nígbà tí mo dé ilé ìwé girama, tí mo ń gbé ní ọgbà wọn, ibẹ̀ ni mo ti fojú ara mi rí òfin tó ka èdè wa léèwọ̀. Fánákúlà ni wọ́n ń pe gbogbo ohun tí ìyá wa fi tọ́ wa. Àwọn aṣáájú akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé kékeré lápò tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó bá sọ ọ́ sí. Tọ́rọ́ ni owó ìtanràn. Ẹni tí kò bá ní tọ́rọ́ á ro koríko lẹ́yìn ilé ìdáná. Ẹni tó bá ṣe é léraléra ni wọ́n ń fi pátákó pẹlẹbẹ kọ́ lọ́rùn láti àárọ̀ títí di ìgbà oúnjẹ alẹ́, pẹ̀lú àkọlé lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ẹni tí kò lajú ni. Nàìjíríà ti gba òmìnira nígbà yẹn. Ọ̀gá ilé ìwé wa, ọmọ Yorùbá ni. Àwọn tíṣà wa, ọmọ Yorùbá ni ọ̀pọ̀ wọn. Òyìnbó tó kọ́kọ́ gbé èrò náà kalẹ̀ ti lọ sílé, èrò náà kò bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun méjì tí ó gbà lọ́wọ́ wa.

Àkọ́kọ́ ni ìṣirò. Ìyá bàbá mi ń ta ẹ̀gúsí àti iṣu ní ọjà Ìmẹ̀kọ. Kò lọ ilé ìwé rí. Ogún-ogún ló fi ń kó iṣu jọ, ó sì ń yọ èyí tó bá dín kúrò lórí: márùndínlógójì, mẹ́rìndínláàádọ́ta, títí dé ọgọ́rùn-ún àti igba. Nínú kíka nọ́ńbà Yorùbá, àròpọ̀ wà níbẹ̀, àyọkúrò wà níbẹ̀, ìsọdipúpọ̀ wà níbẹ̀, ọmọ tó sì ń bá ìyá rẹ̀ tajà ti ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kàn kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì wa, láti abúlé àwọn Ọ̀họ̀rí ni, tó lè ṣírò owó òkìtì àgbàdo kí oníbàárà tó na ọwọ́ sápò. Bí tíṣà bá bi í ní ìbéèrè kan náà ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ń wo ilẹ̀. Tíṣà ní olódo ni. Wọ́n pè é bẹ́ẹ̀ títí òun náà fi gbà á gbọ́, ó sì padà sóko kí a tó ṣe ìdánwò àṣekágbá. Mo di tíṣà ìṣirò lẹ́yìn náà, mo kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ, n kò sì tíì rí èyí tí orí rẹ̀ pé tó ti ọmọ yẹn.

Èkejì ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ilẹ̀ Kétu ni a gbà pé ó ti ṣẹ̀. Ní òru ẹ̀fẹ̀, kí agọ̀ tó jáde lójú mọmọ, olórin á dúró ní gbàgede ọjà, á sọ gbogbo ohun tí ìlú ti ṣe lọ́dún náà: ìjòyè tó gba owó lọ́wọ́ opó, ọkọ tó ń lu ìyàwó, àjẹ́lẹ̀ tó ń fi tipátipá gba owó orí. Kò sí ẹni tó lè mú un. Ilé ẹjọ́ ìlú ni, ilé ìròyìn ìlú ni, ibẹ̀ sì ni ọmọdé ti ń kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ jíjinlẹ̀ sọ òótọ́. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, hẹ́dìmásítà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa á ní kí gbogbo ẹni tó lọ wo ẹ̀fẹ̀ jáde síwájú. Ẹgba mẹ́fà ni. Ọmọ tó bá kọ̀ láti jáde, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi ìka tọ́ka sí i. Ní 2001, àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára iṣẹ́ ọnà àtayébáyé tó ṣeyebíye jù lọ fún gbogbo ọmọ aráyé, nítorí ẹ̀bẹ̀ tí Benin, Nàìjíríà àti Togo jọ kọ. Inú mi dùn. Mo tún ronú kan àwọn ọmọ tí wọ́n nà nítorí rẹ̀, tí wọ́n dàgbà tí wọn kò mú ọmọ tiwọn dé òru ẹ̀fẹ̀ mọ́.

Ohun tí a rí ní Mọdákẹ́kẹ́

Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ìyà náà ṣe wá lóore, pé láìsí i a kì bá tí gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnìkan lọ dán ọ̀rọ̀ náà wò. Babátúndé Fáfúnwá, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní 1970 ní ilé ìwé St. Stephen's A ní Mọdákẹ́kẹ́, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ Ford Foundation. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwùjọ ọmọ kan ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà gbáko: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ àwùjọ. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, tíṣà tó mọ̀ ọ́n dunjú ló sì ń kọ́ wọn. Àwùjọ kejì gba ọ̀nà tí gbogbo wa gbà, Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta. Wọ́n ní láti kọ ìwé tuntun, wọ́n ní láti wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ohun tí kò tíì ní.

Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ nínú ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, wọn kò sì kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Nígbà tí ìròyìn náà dé etí àwa tíṣà, mo rántí ọmọ Ọ̀họ̀rí yẹn. Bí ó bá jẹ́ Mọdákẹ́kẹ́ ni wọ́n bí i sí, tó sì bọ́ sí kíláàsì yẹn, kò sí ẹni tí ì bá pè é lólódo.

Ó yẹ kí iṣẹ́ yẹn parí iyàn. Ní 1977, ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ní kí wọ́n máa fi èdè ìyá kọ́ ọmọ ní kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìwé kò sì ṣe é. Ní 2018, ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin pé kí gbogbo ilé ìwé máa kọ́ Yorùbá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tuntun pé èdè ìyá ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ohun tí Fáfúnwá ti bẹ̀bẹ̀ fún títí ó fi kú ní 2010. Kò pé ọdún mẹ́ta tí ìjọba fi fagi lé e. Ní 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì, nítorí àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Abuja ló ti kéde rẹ̀, níbi ìpàdé tí British Council pè.

Ọ̀dọ̀ wa ló kù sí

N kò kórìíra Gẹ̀ẹ́sì. Mo fi jẹun, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ ọmọ mi gbọ́ ọ dáadáa. Àwọn ìbátan mi ní Kétu ń fi Nàgó, Faransé, àti Gùn tàbí Fọ̀n ṣòwò láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, orí wọn kò sì dàrú. Orí ọmọdé gba èdè mẹ́ta. Ohun tí kò gbà ni kí àgbà máa sọ fún un lójoojúmọ́ pé ẹni tó bí i kò lajú.

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ lónìí ni pé a kò nílò ìkarahun ìgbín mọ́. Ní 1882, owó ni wọ́n fi tan ilé ìwé. Ní 1924, àṣẹ ni wọ́n fi dè wọ́n. Lónìí, kò sí ẹni tó fún ìyá kan ní Ìbàdàn lówó, kò sí ẹni tó pàṣẹ fún un, síbẹ̀ ó ń gbá ọmọ ọdún mẹ́ta lẹ́nu nítorí ó tọrọ omi ní Yorùbá. Bàbá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀ ń fi èyí tó gbọ́ tọ́ ọmọ, ọmọ náà kò wá gbọ́ èdè kankan jinlẹ̀. Ìyá àgbà wá láti oko, ó jókòó sí pálọ̀, òun àti ọmọ ọmọ rẹ̀ ń wo ara wọn.

Ẹ̀yin òbí, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ bá wọn sọ Yorùbá láti orí oúnjẹ àárọ̀ títí dé ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ sùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka nọ́ńbà pẹ̀lú ìyá àgbà. Bí ilé ìwé tí ẹ ń sanwó fún bá ń jẹ ọmọ níyà nítorí èdè rẹ̀, ẹ lọ bá ọ̀gá ilé ìwé náà, kí ẹ sì sọ fún un pé kì í ṣe ohun tí ẹ sanwó fún nìyẹn. Ẹ̀yin aṣòfin ní ìpínlẹ̀ Yorùbá gbogbo, òfin tó ní kí wọ́n máa kọ́ Yorùbá kò tó. Ẹ ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ ọmọ níyà nítorí pé ó sọ ọ́. Ìyà yìí ti tó ogóje ọdún láti ìgbà tí wọ́n ti gbìn ín, àwọn tó gbìn ín ti kú, ọwọ́ wa nìkan ló sì kù tó ń bomi rin ín. Ẹ jẹ́ kí a ṣíwọ́.